Ìpá Méjì Lára Ẹnì Kan: Bí Iṣẹ́ Abẹ Mi Ṣe Rí ní Ìbàdàn

Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún mi ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàdàn. Mo ti padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ní Mọ́kọ́lá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ṣì ń bá mi gbé páálí bébà. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn kì í ṣe ìyìn nìkan, àti nítorí pé bí mo ti ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ènìyàn ni mo ń gbọ́ irú rẹ̀ gan-an lẹ́nu àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn níbòmíràn. Iṣẹ́ mọ́ àwọn dókítà náà lọ́wọ́, àpá tí wọ́n fi sí mi lára kò gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Àlàyé ni ó wọ́n lọ́dọ̀ wọn bí imí eégún.

Ó tó ọdún mẹ́rin tí kókó kékeré kan ti yọ sí ìsàlẹ̀ ikùn mi lápá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ara. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á wọlé lọ. Bí mo bá dìde, tàbí tí mo wúkọ́, tàbí tí mo gbé páálí bébà kan lé èjìká, á tún yọ jáde. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kò ju àgbálùmọ̀ kékeré lọ, ọwọ́ ni mo fi ń tì í padà. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò kórópọ̀n, mo ti pa gbogbo ṣòkòtò tó fún mọ́ mi lára tì, bùbá àti ṣòkòtò gbẹ̀rẹ̀ ni mo ń wọ̀ lọ síbi gbogbo. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré láàárín àwa ọkùnrin, torí pé orúkọ ìpá nìkan tó láti sọ àgbàlagbà di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo mu àgbo, mo ra bẹ́líìtì ìpá tí ó bó mi lára níbàdí, mo sì tún san owó fún ẹnì kan tí ó ní òun yóò fi ìpara kí i padà. Kò sí àgbo tí ó lè dí ihò tí ó wà lára iṣan ikùn, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí àgbo tí ó lè rán aṣọ tó ya.

Ìpá tí àwa Yorùbá ń pè, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Omi ni ó ń kún inú àpò kórópọ̀n ẹlòmíràn, ìfun ni ó ń wọ inú ti ẹlòmíràn, orúkọ kan náà ni a sì ń pe méjèèjì. Dókítà tí ó kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, pa iná yàrá, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i lára. Ó ní bí ó bá jẹ́ omi ni, ìmọ́lẹ̀ á là á já, á sì pọ́n yòò bí ìgbà tí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Tèmi ṣú dùdù. Ó wá ní kí n dìde dúró, ó fi ìka kan ti ìdí kókó náà, ó ní, "Ẹ wúkọ́, sà." Mo wúkọ́, ohun náà sì ta ìka rẹ̀ dànù. Gbogbo àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì ní kí n lọ ya fọ́tò inú kankan. Ìyẹn wú mi lórí, nítorí pé ilé ìwòsàn aládàáni tí mo kọ́kọ́ yà sí ti kọ oríṣi àyẹ̀wò mẹ́rin fún mi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí.

Dókítà ọ̀dọ́ náà ṣàlàyé dáadáa, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó ní kí a tó bí ọmọkùnrin, inú ikùn ni kórópọ̀n rẹ̀ wà, ọ̀nà tí ó sì gbà sọ̀ kalẹ̀ ni ó máa ń jẹ́ ibi tí ara ti tínrín títí ọjọ́ ayé. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin fi ń ní irú ìpá yìí ju obìnrin lọ fíìfíì: nǹkan bí ọkùnrin 27 nínú 100 ni yóò ní in kí wọ́n tó dágbére fáyé, obìnrin kò ju 3 lọ. Apá ọ̀tún ni ó sì ti máa ń wọ́pọ̀ jù. Ó wá sọ èyí tí ó dẹ́rù bà mí, pé ìfun tó yọ lè há sẹ́nu ihò lọ́jọ́ kan, kí ó má lè padà mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì lè dé ibẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé láàárín wákàtí mélòó kan ìfun náà yóò kú. Bí kókó náà bá le koko, tí ó ń ro ni gidigidi, tí ènìyàn ń bì, tí kò lè yàgbẹ́ tí kò sì lè só, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ ní wákàtí náà gan-an, àní bí ó bá jẹ́ òru. Mo rántí ọkùnrin kan ní àdúgbò wa tí wọ́n ní inú rírun ló pa á, tí ìpá rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí gbogbo wa mọ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fún wa ní ìwé ohun tí a óò rà, ìbọ̀wọ́, òwú, bándéèjì, abẹ́rẹ́, fọ́nrán tí wọ́n fi ń rán ara, omi dírípù, oògùn ìrora, ìyàwó mi sì ti ra gbogbo rẹ̀ pé. Láti ọ̀gànjọ́ òru ni n kò ti fi ohunkóhun kan ẹnu. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ tíátà dé sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Bàbá, àwọ̀n yín dà?" Mo dá a lóhùn pé mo rí àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n so sókè bẹ́ẹ̀dì, n kò mọ̀ pé ó yẹ kí n gbé tèmi wá láti ilé. Àwọn tí wọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi ń di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mú. Àwọ̀n tí wọ́n máa rán mọ́ mi nínú ni ó ń bèèrè, kò sì sí lórí ìwé tí wọ́n fún wa, kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀ fún mi rí. Ìyàwó mi sáré jáde, ilé oògùn kẹta ni ó ti rí i, 65,000 náírà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mọ́kànlá kí ó tó dé. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n sún mi sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo délé ni mo wá jókòó kà nípa àwọ̀n yìí, ohun tí mo kà ni ó sì yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún mi ṣáájú. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí dókítà Edoardo Bassini fi ọ̀nà tirẹ̀ hàn ní Ítálì, fífa iṣan tó wà lókè mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ kí a sì rán wọn pọ̀ ni àwọn dókítà fi ń tún ìpá ṣe. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ohun tí a bá fi agbára fà pọ̀ á máa wá ọ̀nà àtitú, bí ṣòkòtò tí télọ̀ dín jù ṣe máa ń ya lójú rírán. Ní àwọn ọdún 1980, dókítà Irving Lichtenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di àṣà láti má fa ohunkóhun rárá, àwọ̀n pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń tẹ́ lé ojú ihò náà, ẹran ara á sì wá hù wọ inú ojú àwọ̀n títí méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Fọ́nrán oníke tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni wọ́n fi ń hun púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, ilé ìwòsàn Shouldice ní Kánádà, tí ó ti ń ṣe ìpá nìkan láti ọdún 1945, kì í sábà lo àwọ̀n. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n máa ń rán ara lé ara. Dókítà kan ní Íńdíà, Mohan Desarda, sì ní ọ̀nà kan tí ó fi ń gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ lára awọ iṣan aláìsàn fúnra rẹ̀ láti fi dí ihò náà, èyí tí ó wúlò fún ẹni tí kò rówó àwọ̀n rà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín kò sì jẹ́ ẹ̀fẹ̀ pátápátá. Ní Ùgáńdà, àwọn dókítà ṣe ìpá fún ọkùnrin 302, wọ́n lo àwọ̀n olówó ńlá fún apá kan, wọ́n sì lo èyí tí wọ́n gé lára aṣọ àwọ̀n ẹ̀fọn fún apá kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ooru pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀. Nígbà tí ó pé ọdún kan, ẹnì kan péré ni ìpá rẹ̀ padà nínú àwọn tí wọ́n lo ti ẹ̀fọn fún, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn yòókù. Ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine ni ó gbé àbájáde náà jáde ní ọdún 2016. Kí ẹnikẹ́ni má lọ gé èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ o, oògùn tí ń pa ẹ̀fọn wà lára àwọn tí ìjọba ń pín fún wa. Ohun tó dùn mí ni pé ó ṣeé ṣe kí n yan àwọ̀n náà lẹ́yìn gbogbo àlàyé yìí, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yàn án. Wọn kò sì sọ fún mi pé nǹkan bí ẹni 10 sí 12 nínú 100 tí wọ́n bá ṣe ìpá ìdí itan fún ni ìrora máa ń bá fínra fún oṣù pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, yálà wọ́n fi àwọ̀n sí i tàbí wọn kò fi sí i.

Inú tíátà ni n kò ti ní ẹjọ́ kankan. Wọ́n ní kí n jókòó kí n ká ara mi kò bí edé, wọ́n fi òwú tútù nu ẹ̀yìn mi, abẹ́rẹ́ náà sì wọlé kí n tó ronú kàn án. Ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ gbóná, ó wá wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, lẹ́yìn náà n kò mọ̀ pé mo ní ẹsẹ̀ mọ́. Wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé síwájú àyà mi, mo sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kí n tó ka ení dé ẹ̀ẹ̀ta ìmọ́lẹ̀ mìíràn ti tàn, ohùn dókítà àgbà kò sì yí padà. Ó kàn ń bá ìkọ́ni tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ ni, ó ń fi iṣan ìmọ̀lára mi tó wà níbẹ̀ hàn wọ́n, ó ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó ké sí mi láti òdìkejì aṣọ pé, "Bàbá, a ti tẹ́ ẹ, ó jókòó dáadáa." Kò pé wákàtí kan.

Òru ọjọ́ náà ni mo jìyà. Oògùn ẹ̀yìn náà ti kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ìtọ̀ kò jáde, àpò ìtọ̀ mi sì le bí awọ ìlù. Mo ké sí nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta, èsì kan náà ni mo ń gbọ́, "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù, ẹ gbìyànjú sí i." Ó tó wákàtí mẹ́rin kí ẹnì kan tó wá ki rọ́bà bọ̀ mí, tí ìtọ̀ náà sì tú jáde tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún báàgì. Ohun tí a mọ̀ dáadáa ni pé ìtọ̀ lè dá dúró lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, pàápàá lára ọkùnrin tí ó ti kọjá àádọ́ta ọdún. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, n kò ní rò pé wọ́n ti gé ohun tí kò yẹ kí wọ́n gé.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí mo ti délé, àpò kórópọ̀n mi wú, ó sì dúdú bí èso ìyeyè tó jẹrà. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì mi, kò sí ẹni tó gbé e. Ìyàwó mi fẹ́ pe pásítọ̀, èmi ń ro ti àwọn ọmọ. Nígbà tí a padà lọ, dókítà ọ̀dọ́ ọjọ́sí wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó ń sun lójú ọgbẹ́ ni ó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, torí pé ìsàlẹ̀ ni omi ń ṣàn sí. Ó ní kí n wọ pátá tó fún mọ́ ara, kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀, yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kọkànlá ni ó lọ. Gbólóhùn méjì lórí ìwé ìdágbére ni ìbá gba oorun òru mẹ́ta là fún mi.

Gbogbo owó tí mo ná, àwọ̀n pẹ̀lú, jẹ́ 290,000 náírà. Kò tó ìdajì iye tí ilé ìwòsàn aládàáni bèèrè, ó sì tó fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. N kò ní ìwé adójútòfò ìlera, bẹ́ẹ̀ òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìpá kejì. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, dókítà obìnrin tí ń bójú tó oògùn akunilóorun ti bèèrè bóyá omi kíkan máa ń gòkè wá sí mi lọ́fun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ulcer ni, ó ti pẹ́, àyà máa ń ta mí bí mo bá jẹ ẹ̀bà lálẹ́ tí mo sì dùbúlẹ̀. Ó bèèrè ẹni tí ó sọ fún mi pé ulcer ni. N kò rí ẹnì kankan dárúkọ, àfi ọmọbìnrin tí ń ta oògùn ní òpópónà wa. Ó kọ ìwé fún mi pé lẹ́yìn tí ara mi bá yá, kí n lọ ṣe endoscopy, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ẹnu wọ inú. Mo lọ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó ń mú ènìyàn gbì bí ẹni máa bì, ṣùgbọ́n kò dunni. Dókítà náà kò rí ọgbẹ́ kankan nínú àpò oúnjẹ mi. Ohun tí ó rí ni pé orí àpò oúnjẹ náà ti gòkè gba ihò tí ó wà lára iṣan tó pààlà àyà àti ikùn, ẹnu rẹ̀ kò sì pa dé mọ́. Ó ní, "Ìpá náà ni èyí, sà. Ìpá méjì ni ẹ ní, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè."

Mo bèèrè lójú ẹsẹ̀ bóyá wọ́n lè rán tòkè náà. Ibí yìí ni mo ti fi ọ̀wọ̀ fún dókítà yìí jù, nítorí pé kò ta iṣẹ́ abẹ fún mi. Ó ní ó ṣeé ṣe: wọn yóò fa àpò oúnjẹ padà sílẹ̀, wọn yóò dín ihò náà kù, wọn yóò sì mú orí àpò oúnjẹ wé ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ bí ìgbà tí obìnrin ń fi ọ̀já di ìdí, kí omi kíkan má baà lè gòkè. Rudolf Nissen, ọmọ Jámánì tí Hitler lé jáde nílé, ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún aláìsàn ní ìlú Basel ní Switzerland ní ọdún 1955. (Òun náà ni ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún Albert Einstein ní New York ní ọdún 1948.) Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń ṣe é gba ihò kéékèèké lára ikùn, àwọn kan kì í sì í wé e yíká tán bíi ti Nissen, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń gbà wé e bíi ti Toupet, ará Faransé. Ṣùgbọ́n ọ̀já náà lè fún jù. Àwọn mìíràn kì í lè gùnfẹ̀ dáadáa mọ́, inú á máa kún wọn, oúnjẹ líle á sì máa há wọn lọ́fun ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà á, ó yẹ kí wọ́n ti wọn omi kíkan ọ̀fun rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, kí wọ́n sì ti wo bí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ṣe ń fún oúnjẹ lọ sísàlẹ̀.

Ó fi ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù hàn mí lórí fóònù rẹ̀: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 92 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń lo oògùn tí ń dín omi kíkan inú kù ni ara wọn dá, 85 sì ni ti àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní ẹni tí oògùn kò ràn mọ́, tàbí tí oúnjẹ ń tú gòkè sí lẹ́nu bí ó bá ti tẹ̀ ba, tàbí tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ lo oògùn títí ayé, ni òun máa ń bá sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Èmi kò tíì lo oògùn kankan bó ti yẹ rí. Omeprazole, ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, tí mo ń rà ní òpópónà wa, ìgbà tí àyà bá ta mí ni mo ń gbé e mì, lẹ́yìn tí mo ti jẹun yó. Ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ ni kí n máa lò ó, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ó ní kí n jẹ oúnjẹ alẹ́ ní wákàtí mẹ́ta kí n tó sùn, kí n dín ikùn mi kù, kí n sì gbé ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì sókè.

Ọ̀sẹ̀ kejì nìyí tí mo ti bẹ̀rẹ̀, bíríkì méjì ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi tí a ń gbé orí sí. Àyà kò ta mí lóru láti ọjọ́ Ẹtì. Ìyàwó mi ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n bá òun bi dókítà náà ìgbà tí àwọn bíríkì yóò kúrò, torí pé òun ń yọ̀ lọ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì kí ilẹ̀ tó mọ́.